Àdúrà Àdán

Bọ̀dá mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà, àti ìyàwó yín àtàwọn ọmọ? Gbogbo ilé kí yín. Bíríkìlà ti tún ògiri ẹ̀yìnkùlé mọ. Èmi ni ọkàn mi ò balẹ̀: lánàá, nídìí iṣẹ́ aránṣọ mi, mo gé apá òsì méjì fún ẹ̀wù oníbàárà kan ṣoṣo.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ojú Màmá. Màmá ní èmi ni kí n gbàdúrà fáwọn kí àwọn tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ. Mo ní, "Màmá, n kò mọ̀ bóyá ẹnì kan ń gbọ́." Àǹtí wa, tí kì í fi àdúrà ṣeré, fariga, wọ́n ní àdán ni mí, n kò ṣe eku, n kò ṣe ẹyẹ. Ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ ní kò sẹ́nì kankan lókè, ẹ pè mí ní ojo lórí fóònù. Ó dùn mí. Ó dá ẹ̀yin méjèèjì lójú. Èmi ni mo ṣì ń béèrè.

Màmá nìkan ni kò bínú. Wọ́n ní, "Ṣáà gbà á. Ohùn rẹ ni mo fẹ́ mú wọlé."

Mo ti gbà pé màá gbàdúrà náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ bá mi ṣe àmín. Kára yín le, kọ́nà yín là. Bí kò bá tiẹ̀ sẹ́ni tó ń gbọ́, Màmá á gbọ́ wa.

Èmi ni àbúrò yín,
àdán ilé.