Dádì Tóbi Gun Kẹ̀kẹ́ ní Ìkògòsì

Ọjọ́ Àìkú, Uwasota

A ti padà dé ilé wa ní Benin láti Ìkògòsì. Ara ń ro mí, aṣọ tútù ṣì wà nínú báàgì, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ èyí sílẹ̀ ná.

Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ mi ti kán nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lọ́dún tó kọjá, kò jẹ́ kí n rí àpá ẹsẹ̀ náà. Ṣòkòtò gígùn ló ń wọ̀ sùn. Mo ti ń bínú pé ó ń sá fún mi.

Lánàá, níbi tí omi gbígbóná ti ń ṣàn jáde lára òkè, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó sì ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi.

"Mọ́mì Tóbi, wá fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kàn án.

Láàárọ̀ yìí ló ní ká háyà kẹ̀kẹ́ méjì.

"Tí o bá ṣubú ńkọ́?"

"Màá dìde."

Ó gun tirẹ̀ dé ilé oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ òkè. Èmi ni mo ń ti tèmi bọ̀ lẹ́yìn!

Ìdí iyán ló ti sọ ọ́. "Ojú ló ń tì mí. Mo rò pé ẹsẹ̀ yìí á kó ọ nírìíra."

Ọdún kan gbáko, n kò bi í léèrè rí. Ìbínú ni mo gbájú mọ́.

Olúwa, mo dúpẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.