Ẹ Lò Ó, Ẹ Má Lọ̀ Ọ́

                                        Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ilé tó kọjú sí ilé oògùn.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ jókòó kí ẹ tó kà á: mo ti lọ́kọ! Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti fọwọ́ síwèé, Màmá wa àti ẹlẹ́rìí méjì péré ló mọ̀. Ẹ má bínú. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń ro bàbá wọn ti san? Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ẹ́ gbàgbé ìkíni.

Apoògùn òdìkejì ilé wa ni ọkọ mi. Ìjà ló pa wá pọ̀.

Ẹ mọ̀ pé Màmá ṣubú lọ́dún tó kọjá, ẹ kò mọ̀ pé èmi ni mo fà á. Apoògùn yìí ló ta oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ fún mi, ó sì fi bírò kọ ọ́ sára páálí pé, "E lo o leekan lojumo." Kò fi àmì kankan sí i. Èmi kà á sí "Ẹ lọ̀ ọ́." Láràárọ̀ ni mo ń lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè, tí mo ń pò ó mọ́ oyin fún Màmá. Kò ní tó wákàtí kan tí òòyì á ti máa kọ́ ọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀jẹ̀ á tún ru. Bó ṣe ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ nìyẹn, tí egungun itan rẹ̀ sán.

Mo fi ìbínú já wọ ilé oògùn.

"Oògùn yín fẹ́ẹ́ pa ìyá mi!"

"Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń lò ó?"

"Bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ náà ni. Ó le bí òkúta, àmọ́ mò ń lọ̀ ọ́ dáadáa!"

Ó káwọ́ lérí. Ó ní èèpo líle ló wà lára hóró náà, ihò kékeré tó wà lára èèpo yẹn kò sì tó ti abẹ́rẹ́. Omi inú ikùn á wọ̀ ọ́, á máa ti oògùn jáde díẹ̀díẹ̀, ìfun á máa gbà á sínú ẹ̀jẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Lílọ̀ tí mo lọ̀ ọ́, ti ọ̀sán ti òru ló ya wọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò wá ku nǹkan kan fún ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gungi. Èmi ti fọ́ ìkarahun ìgbín.

Nígbà tí Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e mì lódidi, ó tún figbe ta nílé ìgbọ̀nsẹ̀ pé oògùn náà jáde bó ṣe wọlé! Apoògùn ní èèpo lásán ni, èyí tó wà nínú rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń wá wọn ẹ̀jẹ̀ Màmá. Ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, síbẹ̀ ẹsẹ̀ apoògùn kò dá nílé wa. Màmá ní, "Ìwọ dókítà oníhóró, ẹ̀jẹ̀ ta lo ń wá wọ̀n gan-an?"

Òun náà ló ní ká lọ fọwọ́ síwèé, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ títí òun á fi lè fẹsẹ̀ ara òun rìn pàdé àlejò. Òun kò ní ṣe ìyá ìyàwó lórí ibùsùn. Tí kò bá wá rìn mọ́ ńkọ́? Ọwọ́ mi kọ́ ló ti wá? Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn láàárín gbogbo ayọ̀ yìí.

Lánàá, Màmá dìde lórí àga, ó fi ọ̀pá sílẹ̀, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ yẹn gan-an. Ó yíjú padà, ó ní, "Alọ̀mábèèrè, kọ̀wé sí wọn."

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, ẹ bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Ọkọ mi ń kí yín. Ó ti ń fi àmì sórí gbogbo ohun tó ń kọ báyìí, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ èyí tó kàn, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í kà: kí gbogbo yín wá bá wa ṣe àríyá ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta yìí.

                                        Èmi ni àbúrò yín tó ti dìyàwó,
                                        Alọ̀mábèèrè.