Oyè Tí Wọ́n Fi Ba Ìwọ̀ Mi Jẹ́

Àtìní, 3 Nòfẹ́ńbà 1913
Lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo lọ sódò Asà. Èmi nìkan, ìwọ̀ kan, ekòló díẹ̀. Mo mú ẹja kan bí ìka — mo dá a padà sómi. Ọkàn mi tutù bí ẹni pé n kò kọ lẹ́tà òyìnbó kankan láti àárọ̀.
Ìyá àgbà ní ẹja dà. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ọdún mẹ́jọ ní Sàró, ohun tí wọ́n kọ́ ẹ nìyẹn?" Ó ti ń tijú mi láti ọjọ́ tí mo ti dé: ọmọ tí ahọ́n rẹ̀ lọ́, tí kò mọ ẹni tó yẹ kó kí. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi Yorùbá kọ èyí. Ìwé kì í rẹ́rìn-ín.

Àlàmísì, 6
Mo ṣàṣìṣe. Mo sọ fún Bẹ̀llò, tí a jọ ń kọ̀wé ní ọ́fíìsì, pé odò dùn. Ó tẹ̀ lé mi, ó mú Garba àti Àbdùlsàlámì dání. Àwọn ẹja gbọ́ ẹnu wọn, wọ́n sá dé Jẹ́bà.

Àtàláátà, 11
Wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀! Ẹja kan ò tíì kú, wọ́n ti pín oyè tán. Bẹ̀llò ni Balógun. Garba, tó ń bẹ̀rù ekòló, ni Sẹ́ríkí. Èmi, torí pé èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀ — Màgàjí Ẹja. Ìpàdé ní gbogbo Àtàláátà àti Àlàmísì. Ẹni tó bá pẹ́, obì mẹ́wàá. Ta ló bẹ̀ wọ́n? Fi wọ́n sí àlùjánnà, kí wọ́n tó jókòó wọn á ti yan akápò.

Àlàmísì, 13
Orí ń fọ́ mi. Wọ́n wá pè mí. Mo lọ.

Àtàláátà, 18
Mo pẹ́. Mo san obì. Balógun sọ̀rọ̀ lórí àǹfààní ẹgbẹ́ títí oòrùn fi wọ̀; ìwọ̀ kan ò kan omi. Mo bi Garba bóyá ó ń gbádùn rẹ̀. Ẹnu yà á. "Gbádùn kẹ̀? Màgàjí, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ là ń sọ." Òmùgọ̀ wà níbi gbogbo; tìlú yìí ló ń ṣèpàdé.

Àlàmísì, 20
N kò lọ. Mo pinnu pé màá dá oyè wọn padà fún wọn. Mo rìn káàkiri ọjà títí di Mọ́gàríbì. Mo délé — gbogbo wọn rèé lórí ẹní Ìyá àgbà, wọ́n ń mu fùrá. Òun ló ń bẹ̀ wọ́n: "Ẹ má bínú, Màgàjí á wá." Màgàjí!
Nígbà tí wọ́n lọ, ó ní Hadiza ará ilé kejì kúnlẹ̀ kí òun lónìí, ó pe òun ní Ìyá Màgàjí. Láti oṣù méje tí mo ti dé, n kò rí i kí ojú rẹ̀ tàn bẹ́ẹ̀ rí. Oyè ìranù, oyè ọ̀lẹ — ó sì ń fi í yangàn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Àtàláátà, 25
Mo lọ. Mo na ìwọ̀ mi sí Bẹ̀llò níwájú gbogbo wọn. Mo ní, níbo lẹ ti rí Màgàjí tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ mú ekòló? Tó ń sáré wá sípàdé? Àbdùlsàlámì ní, "Lóòótọ́ ni o! A ti ń tàbùkù Màgàjí wa." Wọ́n bẹ̀ mí. Wọ́n ní kí n máa jókòó sílé, àwọn á máa gbé ẹja wá. Mo dárí jì wọ́n.
Odò ti di tiwọn. Ìyẹn dùn mí.

Àlàmísì, 4 Dìsẹ́ńbà
Ẹja méjì dé, pẹ̀lú ìkíni. Ìyá àgbà sè é, ó pín in káàkiri àdúgbò.
Èmi ti rí nǹkan mìíràn tí mo ń ṣe lẹ́yìn Àsárì. Kò ní láárí. Ó dùn. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Mo délé pẹ̀lú ẹsẹ̀ eléruku, mo ń dá rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ní kí ni mo lọ ṣe. Mo ní kò sí. Ó yọ egungun ẹja lẹ́nu.
"Má sọ fún mi," ó ní. "Bí mo bá mọ̀, Hadiza á mọ̀, wọn á sì tún fi ẹ́ joyè."