Aṣọ Kan, Kéèkì Kan

                                        Ojúlé Kẹrin,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Oògùn,
                                        Òpópónà Ìsàlẹ̀.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, Ẹlẹ́rìn-ín,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti gbà fún ọ kí o máa gun àtẹ̀gùn, àbí ìsàlẹ̀ ilé lo ṣì ń sùn? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti jẹ́ kí wọ́n yọ eyín yẹn, àbí ó ṣì ń sá fún dókítà kiri bí ọmọ ọdún mẹ́ta? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àbígbẹ̀yìn rẹ tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, ṣé kò tíì kọlu ògiri ẹnikẹ́ni? Mo bi ọ́ ní gbogbo ẹ̀ tán, torí tí mo bá fo ẹnì kan, o máa ní mo ti gbàgbé yín. Àwa náà wà o. Ara mi le. Ẹ̀yìn nìkan ló ń dùn mí díẹ̀, mo sì mọ ohun tó fà á. Òun gan-an ni mo fẹ́ rò fún ọ.

Ìyàwó ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́, torí o mọ̀ pé èmi àti bírò ò mọ ara wa. Mo ní kó kọ gbogbo ohun tó bá ti ẹnu mi jáde, kó má sì sọ ẹyọ kan níbẹ̀ fún ọkọ ẹ̀. Ó ti búra. Ká máa lọ.

O rántí ààrò kéèkì tí ọmọ mi rà fún mi lọ́dún tí bàbá ẹ̀ kú. Ó ní òun ò fẹ́ kí n máa jókòó tẹjú mọ́ ògiri lópin ọ̀sẹ̀. Ọmọ náà ṣe dáadáa, mi ò ní parọ́. Láti ìgbà yẹn, kò sí Sátidé tí mi ò po fúláwà. Tí bọ́tà àti ṣúgà bá ti ń pò pọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi, tí mo bá ti fọ́ ẹyin sí i, ṣe ni mo máa ń gbàgbé pé mo ti di opó.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yé mi níbẹ̀, aago. Wọ́n ní kí n máa wo aago. Aago tó wà ní kíṣìnì wa ti kú láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kọ́. Ni mo bá wá ìwọ̀n tèmi. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan wà ní ìkòríta wa, aláràbarà, tó ní dígí níwájú àti agogo kékeré lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo aṣọ inú ẹ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni; tí o bá rà á, o ò ní bá ẹnikẹ́ni pàdé nínú aṣọ rẹ. Tí mo bá ti gbé kéèkì sínú iná, màá rọra rìn dé ibẹ̀, màá fọwọ́ pa síliki lára, màá dé fìlà kan tàbí méjì, màá mú gáùnù kan, màá wọ̀ ọ́, màá wo iwájú, màá wo ẹ̀yìn, màá bọ́ ọ, màá sì máa bọ̀ nílé. Tí mo bá fi máa dé, kéèkì á ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Tí mo bá wọ aṣọ méjì, á gbẹ. Tí mi ò bá wọ ìkankan, inú ẹ̀ á máa ṣomi. Aṣọ kan, kéèkì kan. Kì í yẹ̀.

Obìnrin tó ni ibẹ̀, télọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Máfọwọ́kàn-án, torí ohun tó máa ń wí tí ènìyàn bá ti wọlé nìyẹn, kó tó kí ọ rárá. Kò fẹ́ràn mi. Ṣé o lè dá a lẹ́bi? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ti ń wọ aṣọ ẹ̀ tí mo ń bọ́ ọ, mi ò ra ìbọ̀sẹ̀.

Nísinsìnyí, gbọ́ ti ọmọ mi. O mọ̀ pé panápaná ni. Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, mo wọ gáùnù kan tí bọ́tìnnì ẹ̀ lé ní ogún. Kí n tó tú u tán, èéfín ti gba ojú fèrèsé wa. Àwọn tí wọ́n ń ta oògùn níwájú ilé ni wọ́n pe panápaná. Ọkọ̀ pupa dé tòun ti ariwo, ọmọ mi ló kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀, ó fa rọ́bà omi dání, ó gbójú sókè, ilé ẹ̀ ni. Wọ́n da omi lu kéèkì mi bí ìgbà tí wọ́n ń pa ejò. Láti ọjọ́ náà, Ọmọ Oníkéèkì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ọ̀gá wọn gan-an ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ó délé, kò pariwo. O mọ̀ pé tí kò bá ti pariwo, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó ní, "Màámi, tí ẹ bá tún fi iná sílẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀ẹ̀kan péré, ààrò yìí á kúrò nílé yìí." Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò mi, tí mi ò bá jáde, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ìgbà tí kéèkì jinná?

Bẹ́ẹ̀ ni Sátidé tó kọjá lọ́hùn-ún dé. Ìyàwó mi tó ń kọ ìwé yìí lọ ṣe irun. Ọmọ mi wà níbi iṣẹ́, aago méjì ló máa dé. Mo gbé kéèkì ọlọ́sàn sínú iná, mo gba ọ̀dọ̀ Máfọwọ́kàn-án lọ.

Ó rí mi, ó mí kanlẹ̀. "Màmá, ẹ tún ti dé. Ṣé ríra ni lónìí, àbí wíwò?"

"Mo fẹ́ wò ó bóyá mo máa rà á."

"Ẹ kú iṣẹ́. Aṣọ ibí ti mọ ara yín ju dókítà yín lọ."

Ojú mi ti wọ gáùnù kan, búlúù, ó ń dán bí omi àárọ̀. Ó ní, "Màmá, àwọn ọmọge tí kì í jẹun ni wọ́n rán ìyẹn fún." Àbúrò mi, ṣé ó yẹ kí ó sọ bẹ́ẹ̀ sí mi? Mo wọ inú yàrá kọ́tìnì lọ, mo fa inú wọlé, mo di èémí mú, sípì ẹ̀yìn gòkè fúú! Mo bọ́ síta, mo wo dígí. Ẹlẹ́rìn-ín, ó bá mi mu. Fún ìwọ̀nba ìgbà tí mi ò mí, ó bá mi mu.

Ìgbà tí mo mí ni sípì há.

Máfọwọ́kàn-án fà á, kò lọ. Ó fi ọṣẹ pa á, kò lọ. Ó gbé orúnkún lé mi nídìí, ó fà á bí ẹni ń fa màlúù jáde nínú pòtòpótò. Ibẹ̀ ni ẹ̀yìn mi ti bẹ̀rẹ̀. Ni mo bá rántí kéèkì. Aṣọ kan ti tó, a ti ń lọ sí ìkejì.

Mo ní, "Gé e!"

"Kí n gé kí ni? Ẹyọ kan tó wà?"

"Kéèkì mi wà lórí iná!"

"Tí ó bá jóná, ẹ á ṣe òmíràn. Èyí ò ní òmíràn."

Mo bá rò ó fún un wéréwéré, ọmọ mi, ọkọ̀ pupa, ìkìlọ̀ ẹ̀. Ó ní ìyẹn ò kan òun, aṣọ òun ò ní jáde láìjẹ́ pé òun náà jáde pẹ̀lú ẹ̀. Mo ní kó máa bọ̀ nígbà yẹn. Bá a ṣe jáde nìyẹn. Aṣọ yẹn mú mi lórúnkún débi pé ìṣísẹ̀ mi ò ju ti adìyẹ lọ, òun náà sì di etí ìsàlẹ̀ ẹ̀ mú lẹ́yìn mi kó má bàa kan ilẹ̀. Nígbà tá a dé iwájú onígbàjámọ̀, ó bọ́ síta tòun ti abẹ lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú oríire o, ìyàwó! Ta ni ọkọ?" Mi ò ráyè bú u.

Ẹnu géètì ni òórùn ti pàdé wa. Mo sáré dé iwájú ààrò, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, aṣọ kọ̀. Mo dúró gbọnrangandan bí òpó iná. Mo ní, "Bá mi gbé e, jọ̀ọ́!" Ìgbà yẹn ni ojú ẹ̀ yí padà. Ó fi ìnura gbé páànù, ó ṣí fèrèsé, ó fi ìdérí ìkòkò fẹ́ èéfín síta. Orí kéèkì dúdú bí bàtà sọ́jà. Omi lé sí mi lójú. Mo ní, "Wọ́n ti gbé ààrò mi lọ nìyẹn."

Ó wá ní, "Màmá, ẹ má bínú. Mo mọ bí mo ṣe lè bọ́ ọ lára yín ní ṣọ́ọ̀bù. Títú ni wọ́n ń tú ìhà ẹ̀, ìṣẹ́jú kan ni."

"Kí ló dé tí o ò tú u?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Màmá. Mo ní kí ẹ làágùn díẹ̀."

Àbúrò mi, tí aṣọ yẹn bá jẹ́ kí n gbọ́wọ́ sókè ni, ǹ bá ti gbá a létí. Ṣùgbọ́n aago méjì ti kù díẹ̀, òun náà sì ti ń wo kéèkì bí ẹni ń wo aṣọ tí oníbàárà dá padà. Ó ní, "Orí ẹ̀ nìkan ló bàjẹ́. Tí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì bá gbó, yíyí la máa ń yí i padà." Ó yọ téèpù lọ́rùn, ó wọn kéèkì yípo, ó mú ọ̀bẹ búrẹ́dì, ó gé dúdú yẹn kúrò láìmì, bí ẹni ń gé etí aṣọ. Ó dojú ẹ̀ dé, ó bu ṣúgà lẹ́búlẹ́bú lé e lórí. O ò ní mọ ibi tí ojú rírán ẹ̀ wà.

Ìgbà tó ń gbọn ṣúgà kẹ́yìn kúrò lọ́wọ́ ni ọmọ mi wọlé. Ó wò mí nínú gáùnù búlúù, páálí iye owó ń mì dirodiro lábẹ́ apá mi. Ó wo obìnrin náà, ó wo kéèkì. Ó fa imú. "Kí ló ń rùn?"

Máfọwọ́kàn-án ní, "Òórùn aṣọ tuntun ni, sà."

Ọmọ mi gé kéèkì, ó jẹ ẹ́. Ó gé òmíràn. Ó jókòó. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?" Kó tó dáhùn, ó ní, "Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé kì í ṣe Màámi, torí kò jóná."

Ẹlẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi! Ọsàn mi! Ẹyin tí mo fọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan! Mo la ẹnu, mo rí páálí tó ń mì lábẹ́ apá mi, mo pa á dé. Tí mo bá ní èmi ni mo ṣe é, á bi mí pé ta ló wà nídìí iná nígbà tí mo ń wọ aṣọ. Mo gbé e mì. Obìnrin náà fẹ́ sọ̀rọ̀, "Rárá o, sà, èmi ò..." mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Ni ọmọ mi bá dájọ́. Ó ní ààrò yìí ò yẹ wá, ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ló yẹ kó wà. Ó ní ní gbogbo Sátidé, kí n máa lọ kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lọ́dọ̀ Àǹtí, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì tí kì í pe panápaná. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ tí mo bí gbé ààrò sí àyà, ó gbé e rìn dé ìkòríta, ó ń làágùn, ó ń mí hẹlẹ. Èmi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ọwọ́ òfìfo. Mo sì ń sunkún, kó lè máa rò pé ó dùn mí.

Torí obìnrin yẹn, Ẹlẹ́rìn-ín, kò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ́ ẹyin. Sátidé tó kọjá ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ó da gbogbo ẹyin mọ́ èèpo. Mo ní, "Ọ̀gá mi, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́," ó rẹ́rìn-ín títí téèpù fi bọ́ lọ́rùn ẹ̀. Ó ti tú ìhà gáùnù búlúù, ó fi aṣọ kún un lọ́tùn-ún lósì, ó ní kí n lè máa mí nínú ẹ̀, ó ní owó ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ òun nìyẹn. Kéèkì wà nínú iná, àwọn aṣọ wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí mi, kò sí ibi tí mo ń sáré lọ. Ọmọ mi àti àwọn panápaná mẹ́rin ya ibẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n jẹ ẹ́ tán pátá. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Màámi, ẹ fara balẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ẹ máa mọ̀ ọ́n." Mo ní, "Ó ṣeun, ọmọ mi."

Ìyàwó mi ti gbé bírò sílẹ̀, ó ń fi ìborùn nu ojú, ó ní ẹ̀rín fẹ́ pa òun. Ó tún ti ń búra lẹ́ẹ̀kejì.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó lọ yọ eyín ẹ̀. Kí àbígbẹ̀yìn, kó máa wo ẹ̀yìn. Tí o bá wá sí ọ̀dọ̀ wa lóṣù tó ń bọ̀, tí ọmọ mi bá gbé kéèkì síwájú rẹ, tó ní ọ̀gá mi ló ṣe é, mo bẹ̀ ọ́, jẹ ẹ́, kí o ní ọ̀gá mi mà gbọ́n o.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ ọ̀gá ẹ̀,
Màmá Oníkéèkì.