Ahun Tó Wà Nísàlẹ̀ Ìdodo Mi

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹta

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde. Wọ́n yọ rọ́bà ìtọ̀ lára mi láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n tọ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà. Mo rò pé kékeré ni. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n láìgba owó oṣù.

Wákàtí mẹ́fà — òfo. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ikùn mi: 780 mílílítà ló jókòó síbẹ̀. Wọ́n fà á. Dókítà ní abẹ́rẹ́ tó pa ẹ̀yìn mi kú ni kò jẹ́ kí n mọ̀ pé àpò-ìtọ̀ ti kún. Ó fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, ó ti rẹ̀ ẹ́. Yóò yá, ó ní. Ó wá fi kún un: "Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń yá."

Nọ́ọ̀sì yẹn — Sájẹ́ǹtì ni mo ń pè é nínú mi — kọ́ mi bí mo ṣe máa fi rọ́bà tín-ín-rín fa ara mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Kí n kọ́kọ́ gbìyànjú láti tọ̀ sínú ife, kí n kọ iye rẹ̀. Kí n wá fa ìyókù, kí n kọ ìyẹn náà. Bí ìyókù bá wà lábẹ́ 100 ní Ọjọ́bọ̀ 20, mo bọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà di oṣù mẹ́ta sí i, a óò wá tún wò ó.

Rọ́bà 56 ni wọ́n ní àwọn kó fún mi. Mo kà á. 55. Mo ní kí wọ́n mú ọ̀kan tó kù wá.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ilé. 20 jáde, 430 ṣẹ́kù.

Mo ti sọ àpò-ìtọ̀ mi lórúkọ: Ahun. Rọ́bà: Agbowó-orí. Bí Ahun kò bá fẹ́ san, Agbowó-orí á wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Ọkọ mi ní ó jọ mí. Kò sọ èwo nínú méjèèjì.

Ohun tó ń já mi láyà ni ibi iṣẹ́. Nílé ìkẹ́rù tí mo ti ń ka páálí, ènìyàn mẹ́tàlélógún ni wá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní ìkọ́, ẹsẹ̀ la fi ń tì í. Ọwọ́ kan fún dígí tí mo fi ń wo ibi tí rọ́bà ń wọ̀, ọwọ́ kan fún rọ́bà, ọwọ́ kan fún ife, ẹsẹ̀ fún ilẹ̀kùn. Mo ka ọwọ́ mi. Méjì náà ni.

Àbámẹ́ta, 8

15. 460. Mò ń bínú sí ife.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ìyá ọkọ mi dé. "Ìyàwó mi, ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa dún. Ara rẹ á gbọ́, á tẹ̀lé e."

Mo ṣí i. Omi ń ṣàn lásán, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo gbé garawa sábẹ́ rẹ̀. Ó kún, mo dìde, mo gbé òmíràn. Ó kún. Garawa mẹ́ta. Èmi: 25.

Ìyá yọjú. "O ò jókòó, báwo lo ṣe fẹ́ tọ̀?"

"Omi ń ṣòfò, mà."

"Háà! Kí ni ọmọ mi gbé wálé yìí?"

Gbogbo aṣọ ìdí ọmọ ni mo fi omi náà fọ̀. Lọ́sàn-án ó ní kí n ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ó fi táwẹ́lì gbígbóná díẹ̀ lé ìbàdí mi lẹ́yìn (Sájẹ́ǹtì ti kìlọ̀ pé ooru kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ojú abẹ). Ó dùn mọ́ mi débi pé mo gbàgbé ìdí tá a fi ń ṣe é. 60, 380. Mo kọ "Ìyá" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 10

Onídìrí tó ń gbé lókè wa gbé òróró míǹtì wá. Kí n kán an márùn-ún sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ kí n tó jókòó, òórùn rẹ̀ á mú ara rọ̀. Ìgò náà kéré. Mo kán méjì. Kò sí nǹkan. Mo kán ìkẹta, pẹ̀lú ìrora. 40.

Ọkọ mi bèèrè bóyá mò ń fi súìtì pamọ́ jẹ níbẹ̀. Mo wo ìgò, mo wo ìkán méjì tí mo fi dù ú. Ta wá ni Ahun?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Wọ́n rán mi sí obìnrin tó ń tọ́jú iṣan nílé ìwòsàn. Ó kọ ọ́ sí ìwé fún mi: kí n di iṣan tí mo fi ń mú ìtọ̀ dúró, kí n ka márùn-ún, kí n tú u sílẹ̀, kí n ka mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Ọgbọ̀n lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ọ̀fẹ́ ni! Kò gba òróró, kò gba garawa. Mo ṣírò rẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí mò ń bọ̀. Bí ọgbọ̀n bá ń ṣe é ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀ọ́dúnrún á ṣe é ní ọjọ́ mẹ́rin lé díẹ̀. Kíka mẹ́wàá nígbà títú yẹn pàápàá, ìfàkókòṣòfò ni. Ó gba dídì méjì.

Ọjọ́rú, 12

300. Mò ń fún ọmọ lọ́yàn, mò ń dì. Mò ń ká aṣọ, mò ń dì. Ọkọ mi ní kí ló dé tí ojú mi rí bí ojú ẹni tó ń gbé fíríìjì gun òkè.

Ọjọ́bọ̀, 13

300. Àbájáde: 10, 470.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

340, kí n lè fi dí ti àná. Òfo. 490. Ìṣirò mi pé. Ahun ni kò kàwé.

Àbámẹ́ta, 15

Mo sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Òkè ń ṣàn, ìsàlẹ̀ gbẹ. Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n fi ife gba omijé. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dìde níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Rọ́bà 16 ló kù.

Ọjọ́ Ajé, 17

Mo padà sọ́dọ̀ obìnrin oníṣan. Ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí mi, ó ní kí n dì í. Mo dì í, pẹ̀lú ìgbéraga.

"Ẹ tú u sílẹ̀."

"Mo ti tú u, mà."

"Ẹ ò tíì tú u o, Ìyá Ìkókó. Ìgbà wo lẹ tú u gbẹ̀yìn?"

Mo jẹ́wọ́ ọ̀ọ́dúnrún. Ó gbé bírò sílẹ̀. "Ọgbọ̀n ni mo kọ!"

"Mo fi òfo kan kún un."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú. "Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ìtọ̀, ẹ tún dúró níta, ẹ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jáde." Ó ní kí n má di ohunkóhun mọ́ títí òun á fi sọ. Kí n gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, kí n tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí n mí sínú ikùn, kí n jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí n má fi agbára tì í jáde. Iṣẹ́ tí mo gbé bọ̀ wálé ni pé kí n má ṣiṣẹ́.

Ó ní bí mo bá fẹ́, obìnrin onábẹ́rẹ́ wà ní yàrá kejì, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò ní oògùn nínú, ṣe ló ń gún un sára kó dúró síbẹ̀, ó sì máa ń mú ara àwọn kan rọ̀. Mẹ́jọ: ọrùn ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn. Mo bèèrè iye tí a óò san bó bá jẹ́ mẹ́rin.

"Màdáàmù, mi ò tà á lẹ́yọ-lẹ́yọ."

Mo sùn lọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lára. Ogójì ìṣẹ́jú tí ẹnikẹ́ni ò pè mí. 120, 290. Abẹ́rẹ́ ni, àbí oorun? Mi ò lè pín in.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

170, 210. Títú le ju dídì lọ. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń ṣe é lórí itan mi láìronú.

Ọjọ́rú, 19

190, 160. 200, 140. 220, 130. 220, 130.

Ọ̀la ni. Mo wọn 130 yẹn lẹ́ẹ̀mẹta bóyá á dín kù. Mo tiẹ̀ ti kọ 9 sílẹ̀, ó ku òfo kan kó di 90. Mo pa á rẹ́. Ẹ̀rọ Sájẹ́ǹtì kì í ka ìwé mi.

Ọkọ mi ní, "Ìyá Ìṣirò, ṣé o máa ń wo ife bí ìtọ̀ bá ń jáde ni?"

Mo ní ta ni kò ní wò ó.

"Èmi ò lè ṣe é bí ẹnì kan bá tẹjú mọ́ mi báyẹn."

Ọjọ́bọ̀, 20

Ọkọ mi ti jáde lọ pe tákísì. Ọmọ ń ké, kò gbà kí n gbé òun sílẹ̀. Ìtọ̀ wá gbọ̀n mí — mo mọ̀ ọ́n lára, kedere. Ife wà lórí fèrèsé. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lára ọmọ. Mo jókòó sórí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó dákẹ́, ó ń wò mí. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ti hu irun tí mi ò rí tẹ́lẹ̀. Mo ń wò ó. Mo gbọ́ omi, mo rò pé onídìrí ló ń da nǹkan lókè. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi ni. Mo pariwo. Ọmọ náà pariwo.

Nílé ìwòsàn, Sájẹ́ǹtì ṣí ìwé mi. "Ìyá Ìkókó, ẹ ò kọ ti àárọ̀ yìí. Mélòó ló jáde?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Ẹ̀yin?" Ó wo ojú mi bóyá ara mi yá. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ 15 sílẹ̀?"

"Ọmọ wà lọ́wọ́ mi."

Ó fi ẹ̀rọ wò ó: 40. Kò gbà á gbọ́. Ó ní kí n mu omi, kí n padà wá lẹ́yìn wákàtí méjì, kí n tún tọ̀. 55. Ó na ọwọ́, ó gba rọ́bà mẹ́rin tó kù lọ́wọ́ mi. "Ẹ máa lọ sílé."

Mo gbé ọmọ fúnra mi jáde. Lẹ́nu géètì, mo sín. Ìkán díẹ̀ bọ́ láìgba àṣẹ. Mo dúró gbọn-in: ẹni tí kò fẹ́ san ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ti ń ná owó lójú títì. Ẹ̀rín pa mí, ó tún bọ́.

Ìkán mélòó? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó wá bá mi fọ aṣọ náà.