Ewé tó wà nísàlẹ̀ ìgò Màámi

Àlàmísì, Oko Ọba, 1986

Níbi ìpàdé àwa alápatà lónìí, Bàbá Làmídì ní ó yẹ kí ìjọba sójà dẹ òfin igbó mímu, pé ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ti pọ̀ jù. Èmi ni mo fò dìde, torí kí alága lè gbóhùn mi. "Ẹ̀yin àgbà lẹ̀ ń bọmọ jẹ́! Ẹni tó bá ní igbó nílé, ẹ̀wọ̀n ni!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Bàbá Làmídì wò mí, wọ́n sì ń pọ́n ọ̀bẹ wọn lọ.

Bàbá Làmídì yìí kan náà ni wọ́n bá mi wá igbó tí mo rẹ sínú ògógóró fún orúnkún Màámi. Wọn ò tú àṣírí mi.

Nírọ̀lẹ́, mò ń fi ògógóró náà pa orúnkún fún Màámi. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ò ní dójú tì ẹ́, ọmọ mi."

Wọ́n ń retí kí n ṣàmín. Ewé igbó tó wà nísàlẹ̀ ìgò ni mò ń wò.