Kọ́bọ́ọ̀dù Nìkan Ló Ní Ilẹ̀kùn

Aláwòrán mi ọ̀wọ́n,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ nídìí àwòrán ilé tí ò ń yà, gbé rúlà sílẹ̀ ná, kí o jókòó. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ ẹ̀yìn rẹ. Kí ara gbogbo yín le bí ọta. Èmi wà láàyè, àfi orúnkún mi tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí a kò fi epo sí. Ìyá rẹ náà ti ń gbádùn. Mo mọ̀ pé o kò gbọ́ rárá pé ara rẹ̀ kò yá. Òun ló ní kí n má sọ fún ọ. Mo ti rú òfin rẹ̀ báyìí, torí náà kà á dé òpin kí o tó gbé fóònù.

Iṣẹ́ tí o rán sí wa ló mú mi kọ̀wé. O ní ní Sátidé tó ń bọ̀, ìwọ àti àwọn tó fẹ́ gbé iṣẹ́ ilé gogoro wọn fún ọ yóò wá wo fúláàtì wa, pé oníkámẹ́rà yóò bá yín wá, àti pé kí a bá ọ kó àga oníke, bàsíà àti sálúbàtà ìyá rẹ pamọ́, kí ilé lè máa mí. Mo ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilé ni o fẹ́ kó máa mí, ọmọ mi. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ńkọ́?

N kò gbàgbé bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìfẹ́ ló bí i. O rí i pé fúláàtì wa ṣókùnkùn, pé ìyá rẹ ń fọwọ́ tá ògiri láti yàrá dé ibi ìdáná, o sì ní kí a lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi títí o ó fi tún un ṣe. Nígbà tí a padà dé, ògiri àárín ilé ti lọ pátá. Èyí tó kù, o ti ha ara rẹ̀ dànù títí ó fi ku kìkì kọnkéré. Páìpù wà lóde gbangba. Igi wà bí wọ́n ṣe là á, ẹnikẹ́ni kò kùn ún. Láti ẹnu ọ̀nà, èèyàn lè rí ibùsùn wa, ibi ìdáná, fèrèsé ńlá, àti ibi tí a ti ń tọ̀. Níwájú gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ ni o ti bi ìyá rẹ pé, “Màmá, ṣé ó wù yín?” Ó ní, “Ó dára, ọmọ mi.” Aláwòrán, ta ló bí ọ? Ìgbà wo ni obìnrin yìí já ọmọ rẹ̀ kulẹ̀ níwájú àlejò rí? Ohùn yẹn kan náà ló fi ń yin ọbẹ̀ tí iyọ̀ ti pọ̀ jù nílé àna. O béèrè níbi tí kò ti lè dáhùn, òun náà sì dá ọ lóhùn bí abiyamọ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí a ń bá gbé fún ọ. Yanrìn ń jábọ́ lára ògiri rẹ bí èépá ara ọgbẹ́, mo sì ń jẹ ẹ́ mọ́ búrẹ́dì. Páìpù tó gba orí tábìlì oúnjẹ kọjá, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé lókè wa ni. O ní kí a má bò ó, pé ẹwà ohun tó bá jẹ́ òtítọ́ kì í fara pamọ́. Kò fara pamọ́ lóòótọ́. Bí ọ̀gbẹ́ni náà bá ti fa omi, a ó máa gbọ́ ẹrù rẹ̀ bó ṣe ń rọ́ gìrìgìrì kọjá lórí wa, ìyá rẹ a sì gbé ṣíbí sílẹ̀. A ti mọ ìfun ọkùnrin yẹn ju bí a ṣe mọ ojú rẹ̀ lọ. Tábìlì tí a kò kùn ti mu òróró, ó ti mu omi ara ẹran, ó sì ń rùn. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó tún wá mu ọṣẹ lé e. Ẹja tí a bá dín lálẹ́, orí ìrọ̀rí kan náà ni àwa àti òórùn rẹ̀ jọ ń sùn.

Ìyẹn, a lè fi ṣe ẹ̀rín. Ohun tó ń kó mi nírìíra jù ni ilé ìwẹ̀. Gíláàsì ni o fi là á láàárín, o ní kí nǹkan kan má baà dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Kò dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà, kò sì dí ojú lọ́nà. Láti orí àga mi, mò ń rí ìyá rẹ bó ṣe ń di kọnkéré mú kó tó lè jókòó. Mo ti kọ́ láti máa yí àga mi kọjú sí fèrèsé, bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ń fìyà jẹ. Irun mi ṣì dúdú nígbà tí mo fẹ́ ẹ, kò sí ohun tí n kò mọ̀ lára rẹ̀. Síbẹ̀ ohun kan wà tí ọkọ kì í wò, ibẹ̀ sì ni ọ̀wọ̀ ń gbé.

Mo bi ara mi bóyá ogbó ló ń ṣe mí. Mo ti ka ìwé àwọn tó ń yin yàrá òfìfo, n kò sì lè sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹrù wa ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀. Bí oòrùn bá gba fèrèsé ńlá yẹn wọlé láàárọ̀, tó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹní, èmi náà máa ń dúró wò ó títí tíì tó wà lọ́wọ́ mi á fi tutù. Bóyá ojú mi ni kò tíì mọ ohun tuntun. Ìbéèrè yìí ni mò ń kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi lálaalẹ́, n kò rí ìdáhùn kan tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí, àfi ìgbà tí ara ìyá rẹ bá mi dáhùn.

Ó ti dín omi mímu kù, n kò fura. Mo ń rí ife rẹ̀ tó kún lórí tábìlì, mo rò pé òùngbẹ ni kò gbẹ ẹ́. Nígbà tó yá, ibà gbé e dè, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, ó sì ń ta á bí ata. A dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi í léèrè ìdí tí kì í fi í mu omi. Ó wò mí, ó wolẹ̀. Ó ní, “Bí mo bá mu ún, mo máa tọ̀ ọ́.” Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo wa là ń tọ̀ ọ́, Màmá. Ìyá rẹ ní, “Ẹ̀yin ní ilẹ̀kùn.”

Lẹ́yìn tí a padà sílé, mo jáde lọ ra oògùn tó kù. Nígbà tí mo dé, n kò rí i. Ilé tí abẹ́rẹ́ kò lè sá pamọ́ sí, mo wá ìyàwó mi níbẹ̀ tì. Mo wo ẹ̀yìn gíláàsì, mo wo ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Mo tilẹ̀ yọrí lójú fèrèsé wo ìsàlẹ̀. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ikọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù gígùn tí o kàn mọ́ ògiri, kí aṣọ wa má baà ba ẹwà ilé jẹ́. Mo ṣí i. Ìyá rẹ jókòó sórí àpótí láàárín kóòtù mi àti àwọn aṣọ òtútù rẹ̀, ó káwọ́ lé itan. Mo bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ó ní, “Bàbá Aláwòrán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn. Òun nìkan ló kù.” Mo tì í. Mo dúró síwájú rẹ̀ bí ọlọ́dẹ. Nígbà tó jáde, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kí n má sọ fún ọ, pé ìfẹ́ ni o fi ṣe é, kí n jẹ́ kí o gba iṣẹ́ ilé gogoro yẹn ná.

Mo tún wo àwòrán tí o yà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó rẹwà. Àwọn èèyàn tín-ín-rín wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ń kàwé, ọ̀kan ń wo ìta. Kò sí ẹni tó ń wẹ̀ níbẹ̀. Kò sí arúgbó, kò sí ẹni tí inú ń run.

Mo bá pe káfíńtà. Ó wọlé, ó wò yíká, ó bi mí pé, “Bàbá, ìgbà wo ni wọ́n máa parí ilé yìí?” Mo ní wọ́n ti parí rẹ̀. Ó ní kí n má bínú, òun rò pé èmi ni mò ń ṣọ́ ọ fún onílé. Ó fi pákó bo gíláàsì náà títí ó fi ga ju orí èèyàn lọ, ó fi òkè sílẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀ rẹ, ó sì kan ilẹ̀kùn oníkọ́kọ́rọ́ sí i. Ilẹ̀kùn ọ̀hún burẹ́wà. Àwọ̀ rẹ̀ kò bá ohunkóhun mu nínú ilé.

Torí náà, kí àwọn àlejò rẹ máa bọ̀ ní Sátidé. Wọn yóò bá ilẹ̀kùn níbẹ̀. N kò ní gbé àga oníke kúrò, torí orí rẹ̀ ni ìyá rẹ ti ń wẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ilẹ̀kùn burúkú yẹn, o lè sọ pé agídí bàbá rẹ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wù mí ni pé kí o sọ fún wọn pé ìyá rẹ ń gbé ibẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn tí kò sì gbé iṣẹ́ fún ọ, jẹ́ kó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí káfíńtà lọ tán, ìyá rẹ wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Omi ń dà, ó dákẹ́, ó tún ń dà. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ orin. O mọ̀ pé ohùn rẹ̀ kò dùn, kò dùn rí. Mo yí àga mi kúrò lójú fèrèsé, mo sì jókòó kọjú sí ilẹ̀kùn náà.

Ọwọ́ rẹ kò ní gbẹ lẹ́nu iṣẹ́. Ilé tí o bá tún ṣe yóò tu àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lára. Ọjọ́ alẹ́ rẹ yóò sàn, àwọn ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ, níkọ̀kọ̀ ni wọn yóò sì ti máa bi ọ́ léèrè ohun tí o fẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ṣì ń fi ọ́ yangàn níta,
Bàbá Aláwòrán.

Mo fẹ́ fi èyí kún un: ìyá rẹ ti bá lẹ́tà yìí lórí tábìlì, ó sì ti bú mi tán. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ìmọ́lẹ̀ náà dára lóòótọ́. Kò sí àlejò kankan nínú ilé nígbà tó sọ ọ́, ife omi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti mu ún dé ìdajì.